Ihò abẹ́ apá ère: ohun tó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ MeshLab

Ẹni tó kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ yìí ní òun ń fi fóònù ya àwọn ère ìbejì ìdílé kan ní fọ́tò yíká-yíká, kọ̀ǹpútà á ṣírò ìrísí wọn láti inú fọ́tò náà, òun á sì wá gbé e wọ inú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní MeshLab láti tún un ṣe. Abẹ́ apá ère, àti ìbàdí níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ bò mọ́lẹ̀, kì í hàn nínú fọ́tò, nítorí náà ihò ló máa ń wà níbẹ̀. Bó bá ní kí ètò náà dí ihò ọ̀hún, ohun tó ń rí kì í jọ ara ère rárá. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí bó ṣe kọ ọ́: «Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè dábàá fún àwọn tó ń ṣe MeshLab pé kí wọ́n fi bọ́tìnì kan kún un, tí yóò máa dí ihò bí ara ère ṣe rí gan-an, títí kan fínfín ara rẹ̀? Ṣé wọ́n tiẹ̀ máa ń gbọ́ ti ẹni tí kò mọ kóòdù kọ?»

Wọ́n máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò rò pé wọ́n á gba àbá yín bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀ yìí, n kò sì rò pé ó yẹ kí wọ́n gbà á. Àbá kan wà tó kéré sí i, tí yóò sì wúlò fún iṣẹ́ yín jù ú lọ: pé kí ètò náà máa sàmì sí gbogbo ibi tó bá fúnra rẹ̀ dí, kí àmì náà sì máa bá fáìlì lọ síbikíbi tí fáìlì bá lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe dé orí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé láti inú àlàyé yẹn ni ẹ ó ti mú ohun tí ẹ máa kọ ránṣẹ́ sí wọn.

Ohun tí wọ́n ń pè ní mesh, àwọ̀n ni n ó máa pè é níhìn-ín. Kókó ni àwọn ojúkò tí kọ̀ǹpútà mọ ibi tí wọ́n wà. Etí ni ìlà tó so kókó méjì pọ̀. Ojú ni onígun mẹ́ta tí etí mẹ́ta yí ká. (Ojú àwọ̀n apẹja, àyè tó ṣófo ni, ojú àwọ̀n tiwa ni ibi tó dí. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín lọ́kàn rú.) Lára àwọ̀n tó pé, ojú méjì gẹ́lẹ́ ló máa ń pàdé níbi etí kọ̀ọ̀kan. Etí tó bá ní ojú kan ṣoṣo, bèbè ni, bí àwọn bèbè bá sì so kọ́ra títí tí wọ́n fi yípo padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ihò nìyẹn. Gbogbo ohun tí ètò mọ̀ nípa ihò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé abẹ́ apá ni, kò mọ igi, kò mọ ọ̀bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà.

Ẹ ṣí irinṣẹ́ tí wọ́n pè ní Close Holes. Òǹkà tí wọ́n ti kọ síbẹ̀ sílẹ̀ ni 30, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ihò tí bèbè rẹ̀ bá ju etí 30 lọ, irinṣẹ́ náà kò ní fọwọ́ kàn án, àfi bí ẹ bá fúnra yín gbé òǹkà náà sókè. Ọ̀pọ̀ àròyé tí mo ti gbọ́ pé irinṣẹ́ yìí kò ṣiṣẹ́, ibí yìí ló ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá sì kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é láìtíì yẹ òǹkà yìí wò, ẹ ti fi àkókò tiwọn àti tiyín ṣòfò. Ká ní ihò abẹ́ apá òsì ère yín ní etí 412, tí ẹ sì gbé òǹkà náà dé 500. Ètò á wá igun kan lára bèbè, á fi onígun mẹ́ta kan so aládùúgbò igun náà méjèèjì pọ̀, ihò á dín ní etí kan. Á tún wá igun mìíràn, títí tí ihò fi máa tán. Ihò tó ní etí 412 á gba ojú 410, láìsí kókó tuntun kankan láàárín. Ẹ sún mọ́ ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ jẹ́ kí ìlà etí hàn lójú kọ̀ǹpútà: onígun mẹ́ta gbọọrọ, tín-ín-rín, tí wọ́n nà láti bèbè kan dé ìkejì bí ọwọ̀ tí okùn rẹ̀ tú. Nítorí pé kò sí kókó láàárín wọn, wọn kò lè tẹ̀ sínú, wọn kò sì lè wú síta. Abẹ́ apá tó yẹ kó ní kòtò kékeré á wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí awọ ojú ìlù. Nínú àwọn ẹ̀dà tó jáde láìpẹ́, àpótí kan wà tí ẹ lè fi àmì sí kí ètò náà fi kókó kún àárín ibi tó dí. Ẹ dán ìyẹn wò kí ẹ tó sọ pé nǹkan kan kù.

Nǹkan méjì ni ẹ pa pọ̀ nínú ìbéèrè yín, ìyàtọ̀ wọn sì pọ̀ gan-an. Àkọ́kọ́ ni bí ara ère ṣe tẹ̀ tàbí bó ṣe wú. Ìkejì ni fínfín tó wà lórí rẹ̀.

Ti títẹ̀ àti wíwú ní ìdáhùn. Létí ihò, àwọn ojú tó yí i ká ti fi ìdagẹ̀rẹ̀ ara ère hàn, a sì lè mú ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn wọ inú ihò lọ kí ó lè bá ti òdìkejì pàdé láìsí ìfọ́. Peter Liepa gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní 2003 tí àwọn ènìyàn ṣì ń tẹ̀ lé: kí a kọ́kọ́ fi onígun mẹ́ta dí ihò, kí a fi kókó kún un títí tí yóò fi kún bíi ti àyíká rẹ̀, kí a sì wá mú un dán títí tí yóò fi bá bèbè mu. Iye owó rẹ̀, bí mo bá lè pè é bẹ́ẹ̀, wà nínú ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: láti rí ọ̀nà dídí tó dára jù lọ, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pọ̀ gẹ́gẹ́ bí iye etí ní ìlọ́po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Etí 412 yóò gba nǹkan bíi 70 mílíọ̀nù ìgbésẹ̀, èyí tí kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ yóò ṣe láìpẹ́. Etí 4,000 yóò gba 64 bílíọ̀nù. Ẹni tó ń kọ ètò fún gbogbo ayé ní láti ro ti ẹni tí yóò tẹ bọ́tìnì náà lórí ihò etí 4,000 tí yóò sì máa pariwo pé ètò ti kú. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń bèèrè.

Ọ̀nà mìíràn wà nínú MeshLab tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, ìyẹn Screened Poisson. Michael Kazhdan, Matthew Bolitho àti Hugues Hoppe ló gbé Poisson àkọ́kọ́ jáde ní 2006, tí Kazhdan àti Hoppe sì tún un ṣe ní 2013. Kì í pa ihò dí ní ti tirẹ̀. Ńṣe ló ń tún gbogbo ara ère kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó sì máa ń jáde kì í ní ihò. Èmi kì í sábà fi dí ihò ère, nítorí pé ibi tí kókó kò bá sí, ó lè wú bíi bàlóònù, ibi tí ẹ ti wọ̀n dáadáa pẹ̀lú á sì yí padà díẹ̀, tí ẹnu fínfín tó mú á wá rọ̀.

Ní ti fínfín fúnra rẹ̀, kò sí ìsọfúnni. Ní 2004, Andrei Sharf, Marc Alexa àti Daniel Cohen-Or fi hàn pé ètò lè wá ibòmíràn tó jọ àyíká ihò lára ohun kan náà, kí ó ṣe àdàkọ rẹ̀, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ṣófo. Lára ohun tí àrà kan náà ń tún ara rẹ̀ ṣe, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ère ìbejì ni ti yín. Lónìí, abẹ́ apá ni ihò wà. Lọ́la, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí irun orí ni yóò jẹ́, bọ́tìnì kan náà ni ẹ ó sì tẹ̀. Ilà tí kọ̀ǹpútà bá fín sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère kì í ṣe ilà ìdílé ẹnikẹ́ni, bí ẹ bá sì fi fáìlì náà fún ẹni tó fẹ́ mọ ìlú tí gbẹ́nàgbẹ́nà ti wá láti ara ọwọ́ rẹ̀, ẹ ti fún un ní ọ̀nà láti ṣìnà. Ìdí tí mo fi ní àbá tó kéré yẹn ló yẹ kí ẹ dá nìyẹn.

Kí n tó kúrò nídìí ihò, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ lára ère ìbejì ju ohun mìíràn lọ. Apá méjèèjì sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, tí ọwọ́ fi kan itan, àlàfo sì máa ń wà láàárín apá àti ìhà. Àlàfo yẹn kì í ṣe ihò. Gbẹ́nàgbẹ́nà ló fi ọ̀bẹ là á já. Ihò ni ibi tí fọ́tò kò dé ní inú apá àti ní ìhà, létí àlàfo náà. Bí fọ́tò kò bá dé ibi méjèèjì yìí, bèbè wọn lè so kọ́ra di ìyípo kan ṣoṣo, Close Holes á sì fi ayọ̀ so apá mọ́ ara, tí ère á wá dà bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ wé mọ́ra. Ọ̀nà kan wà láti mú èyí. Bí ẹ bá ka iye kókó, ẹ yọ iye etí kúrò, kí ẹ fi iye ojú kún un, 2 ni èsì máa jẹ́ lára ohun tó dí pátápátá tí kò sí ibi tó là já, bíi bọ́ọ̀lù. Àlàfo kọ̀ọ̀kan tó là já máa ń yọ 2 kúrò nínú rẹ̀. Ère tó ní àlàfo lábẹ́ apá méjèèjì àti láàárín ẹsẹ̀, −4 ni yóò fún yín. Bó bá fún yín ní −2 lẹ́yìn tí ẹ ti dí ihò, apá kan tàbí ẹsẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra. Ẹ kò nílò láti ka wọn lọ́wọ́: Compute Topological Measures á sọ iye kókó, etí, ojú àti ihò fún yín, á sì sọ iye bèbè tó kù.

Ẹ wá wo ohun tí MeshLab ń ṣe lẹ́yìn tó bá dí ihò tán. Àpótí kan wà nínú Close Holes tó ní kí àwọn ojú tuntun wà ní yíyàn. Ẹ ó rí wọn ní pupa lójú kọ̀ǹpútà. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ètò náà mọ ohun tí ẹ wọ̀n yàtọ̀ sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ hùmọ̀. Ẹ pa fáìlì mọ́, ẹ tì í, ẹ tún un ṣí: pupa ti lọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìyàtọ̀ mọ́, títí kan ẹ̀yin alára ní ọdún méjì sí i. Ibí yìí gan-an ni àléébù wà. Iṣẹ́ tí ẹ ń tọrọ kò sì pọ̀ fún wọn, nítorí pé ìmọ̀ náà ti wà nínú ètò tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n kàn kọ ọ́ sínú fáìlì ló kù.

Ṣé fáìlì lè gbà á? Ẹ pa ère kékeré kan mọ́ ní PLY, irú fáìlì kan tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọ̀n, kí ẹ yan pé kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, kí ẹ sì fi Notepad ṣí i. Ìlà àkọ́kọ́ ni «ply». Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí «element vertex» pẹ̀lú iye kókó, «property float x» àti irú rẹ̀, lẹ́yìn náà «element face» pẹ̀lú iye ojú. Ẹni tó gbé PLY kalẹ̀ fi àyè sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni lè fi «property» tirẹ̀ kún un, ètò tí kò mọ̀ ọ́n á sì kàn fò ó kọjá. STL, irú fáìlì mìíràn, kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú STL aláìṣeékà, ojú kọ̀ọ̀kan gba báìtì 50, 48 nínú rẹ̀ jẹ́ òǹkà ìrísí, 2 tó kù kò sì ní ìlò tí gbogbo ènìyàn fẹnu kò lé lórí. Nítorí náà, bó bá jẹ́ STL ni ẹ fi ń tọ́jú ère, ẹ yí padà sí PLY lónìí, kí STL jẹ́ ti ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde nìkan.

Ọ̀nà ìkọ̀wé wá kù. Nígbà kan, èmi náà kọ ìlà kan ṣoṣo sí àwọn tó ń ṣe ètò mìíràn: «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bí ètò yín ṣe ń dí ihò ṣe kó dára sí i.» Wọ́n ti ìwé náà pa láìsọ nǹkan kan, inú bí mi. Nígbà tí mo tún un kà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo rí i pé ẹni tó bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ gan-an kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́, lédè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé òun ni wọ́n ń kà:

«Mo ń ya ère onígi ní fọ́tò láti fi tọ́jú ìrísí wọn. Lẹ́yìn tí mo bá fi Close Holes dí ihò, àwọn ojú tuntun máa ń wà ní yíyàn, ṣùgbọ́n bí mo bá pa fáìlì mọ́ tí mo tún ṣí i, n kò lè mọ ojú tí mo wọ̀n yàtọ̀ sí èyí tí ètò fi kún un. Mo fẹ́ kí irinṣẹ́ náà ní àpótí kan tí yóò fi òǹkà sára ojú tuntun kọ̀ọ̀kan, kí òǹkà náà sì wà nínú PLY. Báyìí, mo ń kun àwọn ojú náà ní pupa lọ́wọ́ kí n tó pa fáìlì mọ́. Bí ẹlòmíràn bá ti lo pupa fún ohun mìíràn lára ère kan náà, kò sí ọ̀nà láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Fáìlì kékeré kan wà pẹ̀lú ìwé yìí.»

Ẹ kíyè sí i pé ó sọ iṣẹ́, ó sọ ibi tí iṣẹ́ ti dúró, ó sọ ọgbọ́n tí ẹ ń dá báyìí àti ìdí tí ọgbọ́n náà kò fi tó. Kò sọ ibi tí bọ́tìnì yóò wà. Iṣẹ́ tiwọn nìyẹn.

Ní ti fáìlì náà, ẹ má fi ère ìdílé onídìílé ránṣẹ́. Ojúewé wọn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ohun tí ẹ bá sì gbé síbẹ̀, ẹ kò lè gbà á padà tán. Bọ́ọ̀lù ni kí ẹ fi ránṣẹ́. MeshLab fúnra rẹ̀ lè ṣe bọ́ọ̀lù fún yín. Ẹ ṣe é kí ìwọ̀n rẹ̀ láti àárín dé ara jẹ́ mìlímítà 50, kí ẹ sì gé òkè rẹ̀ kúrò ní mìlímítà 10. Ẹnu ihò náà yóò fẹ̀ ní mìlímítà 60. Gbogbo ènìyàn ló mọ bí ohun tí ẹ gé kúrò ṣe rí, nítorí náà ẹni tó bá dí i pẹrẹsẹ yóò fi mìlímítà 10 jìn sí òtítọ́ ní àárín gbùngbùn, irinṣẹ́ Hausdorff Distance á sì wọ̀n ọ́n fún wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń jiyàn. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ títẹ̀ àti wíwú náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé mìíràn, kí bọ́ọ̀lù kan náà jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀. Àbá méjì nínú ìwé kan, ńṣe ni èyí tó ṣòro máa fa èyí tó rọrùn sẹ́yìn.

Inú ẹ̀kọ́ kan ní Yunifásítì Pisa ní Ítálì ni MeshLab ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005, àwọn onímọ̀ Visual Computing Lab ti ilé ìwádìí ISTI-CNR ní ìlú kan náà ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Orí GitHub wọn, ojúewé tí kóòdù wọn àti àwọn ìwé àbá wà, ni ẹ ó kọ̀wé sí. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ fi «close holes» wá ohun tí àwọn mìíràn ti sọ, títí kan àwọn ìwé tí wọ́n ti tì. Bí ẹnì kan bá ti dá àbá yín, ẹ fi bọ́ọ̀lù yín sábẹ́ tirẹ̀. Àṣà yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, nítorí náà ẹ má gbé ti MeshLab lọ sí ti Blender, ètò mìíràn: níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń gba ìròyìn àléébù kì í gba àbá, Right-Click Select ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àbá.

Ẹ ní ẹ kò mọ kóòdù kọ. Bí ẹ bá ní ọ̀dọ́ kan nítòsí tó mọ Python, èdè ìkọ kóòdù kan, díẹ̀, ẹ ní kí ó wo PyMeshLab, ohun tó jẹ́ kí a lè fi Python pe àwọn irinṣẹ́ MeshLab. Ó lè pe «meshing_close_holes», kí ó ní kí ojú tuntun wà ní yíyàn, kí ó sì kọ nọ́ńbà wọn sínú fáìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ PLY. Àmì yín á ti wà láìdúró de ẹnikẹ́ni, bí ẹ bá sì fi kóòdù kékeré náà kún ìwé yín, àwọn tó ń kọ MeshLab á rí i pé ohun tí ẹ ń béèrè ṣeé ṣe. Ẹ má gbàgbé láti kọ nọ́ńbà ẹ̀dà MeshLab tí ẹ ń lò àti irú kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń lò ó. Òun ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín bí ẹ bá fò ó.